Adìyẹ Pupa Tó Sá Lọ́jà Gernika

Estefana kì í jẹ adìyẹ. Bí ẹ sè é, bí ẹ dín in, bí ẹ fi wáìnì sè é níbi ìgbéyàwó ọmọ yín, kò ní fẹnu kàn án. Àlejò á rò pé dókítà ló kà á léèwọ̀ fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í o. Èmi Katalin tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo bi í lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ó wò mí títí tí mo fi dìde lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ilé wa ló sún mọ́ ilé Estefana jù lórí òkè Lumo yìí. Àwa ni aládùúgbò wọn àkọ́kọ́ nìyẹn, ìyẹn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnì kan bá kú nínú ilé kan, aládùúgbò àkọ́kọ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ fún. Òun ló ń lọ pe àlùfáà, òun ló ń dáná, òun ló ń gbé àgbélébùú ṣíwájú òkú. Bí màlúù bá ń rọbí, òun náà ni wọ́n á ké sí. Ẹrù ìyàwó mi ni mo ṣì ń tú lọ́wọ́ tí ìyá ọkọ mi fi pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Katalin, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni aládùúgbò. Ṣùgbọ́n àwọn méjì tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ẹ̀bùn tó wúwo ni. Múra o."

Àwọn méjì náà ni Estefana àti Bittor, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n sì ń gbé títí dòní. Ṣùgbọ́n bàbá wọn ti mọ ògiri gba àárín ilé náà kọjá kó tó kú, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní apá kan àti ilẹ̀kùn kan. Apá ọ̀tún ni Estefana ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣíbí, títí ọkùnrin náà fi kú. Bittor kò fẹ́yàwó ní tirẹ̀. Ó ní màlúù, ó ní oyin, ó sì ní ẹnu.

Wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èmi ni ẹnu wọn. Kí n tó débẹ̀, ìyá ọkọ mi ni, ìgbà tí ìyẹn dàgbà ló gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni ń gbé kọ́kọ́rọ́ ilé léni lọ́wọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé tá a bá ń lọ sọ́jà Gernika, ìlú tó wà nísàlẹ̀ òkè wa, inú ọkọ̀ mi làwọn méjèèjì ń wọ̀. Estefana á jókòó síwájú, Bittor á jókòó sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ á wá bẹ̀rẹ̀.

Estefana á ní, "Katalin, bá mi sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé àkùkọ rẹ̀ tún wọ oko ata mi."

Bittor á dáhùn pé, "Katalin, sọ fún ẹni tó wà níwájú pé ata rẹ̀ ló ń wá wàhálà àkùkọ mi."

"Sọ fún un pé bí mo bá tún rí i níbẹ̀, òkúta ni n ó fi kí i."

"Bi í pé ta ló fẹ́ kí, àkùkọ ni àbí èmi?"

"Ẹ̀yin méjèèjì!" Estefana á ti bú jáde, á wá rántí ara rẹ̀. "Katalin, sọ fún un pé àwọn méjèèjì."

Èmi á máa wa ọkọ̀ mi lọ jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín á fẹ́ pa mí, inú mi kò sì ní dùn, torí mo mọ ohun tó wà nídìí ẹ̀. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́, ṣùgbọ́n ìjà tiwọn yìí ti fẹ́ bá wọn dé sàréè. Nǹkan kan ṣoṣo ni Estefana ń wá láyé yìí: kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la ẹnu kó sọ pé adìyẹ wà, kó sì sọ ọ́ kí ọ̀kan nínú wọn tó kú. Kò bá a du ilẹ̀, kò bá a du ilé. Adìyẹ wà, ó parí.

Ẹ ti gbọ́ nípa ọjọ́ Ajé yẹn, nínú oṣù kẹrin ọdún 1937, tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú wá rọ̀jò bọ́ǹbù lé Gernika lórí ní ọjọ́ ọjà, tí ìlú fi di eérú. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Estefana nígbà náà, Bittor jẹ́ méjìlá. Màlúù kan ti ta Hilaria ìyá wọn nípàá lórúnkún lọ́sẹ̀ yẹn, kò lè rìn dáadáa. Orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló wà lọ sọ́jà, apẹ̀rẹ̀ adìyẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, Estefana ń fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Bittor dúró sílé, òun àti bàbá wọn ń túlẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbin àgbàdo sí.

Bí Estefana ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí, n kò bù mọ́ ọn, n kò sì bù kúrò. Ó ní ọjà ti ń tú, adìyẹ kan ṣoṣo ló kù, pupa kan báyìí tí ìyá fi okùn so lẹ́sẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò rà látàárọ̀. Ni agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àwọn èèyàn ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ̀rù bà á, ó di yẹ̀rì ìyá rẹ̀ mú pinpin, ìyá ní kó fi òun sílẹ̀ kó máa lọ, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìgbà tó máa gbójú sókè, adìyẹ pupa ti tú, ó ti kọrí sọ́nà òkè. Ìyá rẹ̀ wá pariwo mọ́ ọn: "Estefana, lé e! O ò gbọdọ̀ padà wá bá mi bí o kò bá mú un dání!"

Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni Estefana. Ó lé e. Adìyẹ kọjá ojú irin rélùwéè, òun náà kọjá. Adìyẹ gun òkè, òun náà gùn ún. Bó bá ti ku díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó o, adìyẹ á fò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ariwo bọ́ǹbù ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìlú ti ń jó. Nígbà tó máa dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn, kò sí adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìyá lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò rí Hilaria mọ́ títí dòní, òun àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Bittor ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyá dà?"

Ó ní, "Adìyẹ ni mò ń lé."

Kí ni ẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́jọ tún sọ? Bittor gbá a létí. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sọ pé irọ́ ni, kò sí adìyẹ kankan. Ó ní okùn tí Ìyá bá so kì í tú. Ó ní Estefana gbọ́ bọ́ǹbù ló ṣe sá, ó fi ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn sílẹ̀, ó wá fi adìyẹ bo ara rẹ̀ lójú. Ká sòótọ́, gbogbo òkè yìí ló mọ okùn Hilaria. Ìyá ọkọ mi máa ń sọ pé, "Bí Hilaria bá di ẹrù fún ẹ, ìwọ àti eyín rẹ lẹ máa tú u." Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn Bittor nìyẹn, ibẹ̀ náà ló dúró sí, kò kúrò níbẹ̀ mọ́.

Àwòrán ńlá náà ló wá bà á jẹ́ pátápátá. Ẹ mọ̀ ọ́n, èyí tí ayàwòrán yẹn yà ní Paris lọ́dún náà gan-an nítorí ìlú wa, tó sì fi orúkọ ìlú náà pè é, dúdú àti funfun àti àwọ̀ eérú. Nígbà ayé ọ̀gágun tó ń ṣèjọba lé wa lórí, ẹni tó bá gbé e kọ́ ń fa ọlọ́pàá sílé. Bittor ra ẹ̀dà kan ní Bayonne, lórílẹ̀-èdè kejì, ó fi pamọ́ sábẹ́ wàràkàṣì kọjá ẹnu bodè, ó sì tì í bọ ẹ̀yìn àwòrán Jésù Ọkàn Mímọ́ tó wà lára ògiri ilé ìdáná rẹ̀. Àlùfáà á wá, á dojú kọ Jésù gbàdúrà, kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn Olúwa rẹ̀. Ọjọ́ tí ọ̀gágun kú ni Bittor gbé Jésù lọ sí yàrá, ó sì gbé èkejì jáde.

Ó wá sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí. Ó ní, "Katalin, sọ fún ẹni apá kejì pé mo ti wò ó dáadáa. Ẹṣin wà níbẹ̀. Akọ màlúù wà. Ìyá tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ wà. Obìnrin tó na àtùpà jáde lójú fèrèsé wà. Adìyẹ dà?"

Estefana ní, "Sọ fún un pé ẹni tó yà á kò wá sọ́jà lọ́jọ́ náà!"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, ọkùnrin náà ò tilẹ̀ sí ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn lọ́dọ̀ wa? Àwa kì í wo nǹkan yẹn bí àwòrán, bí ẹni ń wo fọ́tò la ṣe ń wò ó. Bàbá arúgbó kan wà nísàlẹ̀ tó máa ń fìka kan ẹṣin inú rẹ̀ pé ti àbúrò bàbá òun ni, pé òun mọ eyín rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn. Torí náà, bí Estefana ṣe ń bú ayàwòrán náà tó, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ ẹ́ nínú. Nígbà tí wọ́n fi táìlì ya odindi rẹ̀ sára ògiri kan láàárín ìlú, ó ní kí n gbé òun lọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà yẹn. Ó dúró sódìkejì títì, kò jẹ́ sún mọ́ ọn, ó wò ó, wò ó, ó wá padà sínú ọkọ̀. Ó ní, "Katalin, jẹ́ ká máa lọ. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́." Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo wa ọkọ̀ lọ bí ẹni pé n kò rí i. Èmi náà ò rí nǹkan kan lára ògiri yẹn, ẹṣin ló gba gbogbo ojú mi.

Ìgbà ìkórè ápù ọdún náà ni Bittor já bọ́ láti orí àkàbà, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, wọ́n dá a padà wálé, wọ́n ní kó má dìde. Ta ni iṣẹ́ náà já lé léjìká? Aládùúgbò àkọ́kọ́. Mò ń gbá ilé rẹ̀, mò ń fún wàrà màlúù rẹ̀, mò ń gbọ́ èébú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kì í ṣe tèmi. Ní gbogbo ọ̀sán ni Estefana ń gbé abọ́ ẹ̀wà pupa gbígbóná jáde sí mi, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ kábéèjì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀.

"Gbé e fún ẹni tó já bọ́. Má sọ pé èmi ni mo sè é o."

Bittor á lá abọ́ náà mọ́ tónítóní. "Ta ló sè é?"

"Èmi ni, Bàbá Bittor."

"Irọ́ ẹ pọ̀. Ẹ̀wà tìrẹ kì í jinná."

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, mò ń gbálẹ̀ ilé ìdáná níbi tí wọ́n tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bọ́ sára àwòrán náà. Èéfín ààrò ti sọ gbogbo rẹ̀ di bíràwúnù, ẹ mọ̀ pé ààrò Bittor ń rú èéfín ju bó ṣe ń jó lọ. Ẹṣin ti di bíràwúnù, màlúù ti di bíràwúnù. Ibì kan ṣoṣo ló mọ́, kò ju àtàǹpàkò lọ, láàárín màlúù àti ẹṣin. Mo sún mọ́ ọn. Tábìlì kan ni wọ́n yà síbẹ̀, ẹyẹ kan wà lórí rẹ̀, ó na ọrùn rẹ̀, ó la ẹnu sí òkè. Ẹnì kan ti fi ọwọ́ nu èéfín kúrò lójú ibẹ̀ nìkan, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ló nù ún, torí bébà ibẹ̀ ti fẹ́ẹ́ ya.

Mo ní, "Bàbá Bittor! Kí nìyí?"

Ó kọjú sí ògiri. "Ta ló ní kó o máa wo ara ògiri? Ilẹ̀ ni wọ́n ní kó o gbá."

Inú bí mi, àfi bíi kí n sunkún. Ohun tí arábìnrin rẹ̀ ti ń wá látìgbà èwe rẹ̀, ó wà lókè orí ibùsùn rẹ̀, bàbá yìí sì ń fi àtàǹpàkò nù ún! Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní, "Láti òní lọ, n kò gbé ọ̀rọ̀ mọ́, n kò sì gbé ọbẹ̀ mọ́. Orúnkún ń dùn mí."

"Aládùúgbò àkọ́kọ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹ lọ fẹjọ́ mi sun àlùfáà. Ẹ máa fẹsẹ̀ yín rìn lọ o."

Mo yà sí apá kejì. Abọ́ ẹ̀wà wà lórí tábìlì, ó ń rú èéfín. Mo jókòó.

Estefana ní, "Kí lo jókòó ṣe?"

"Orúnkún mi ni, Àǹtí Estefana. N kò lè gbé e."

Ó wo abọ́. "Á tutù."

"Á tutù."

"Kò sì lè dìde."

"Kò lè dìde."

"Ebi á máa pa á."

"Á pa á dáadáa."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìkà ni ẹ́, Katalin. Ẹ̀yìn ìyá ọkọ rẹ ni wàhálà yìí bẹ̀rẹ̀." Ó tú épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fọwọ́ tún irun rẹ̀ ṣe, ó gbé abọ́, ó sì gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ jáde lọ síbi ẹnu ọ̀nà kejì, tí kò wọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n sin bàbá wọn. Orúnkún mi san lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ̀ lé e.

Ó gbé abọ́ náà síwájú Bittor. Èmi ló kọjú sí. "Katalin, sọ fún un pé kó jẹ ẹ́ kó tó dì."

Mo panu mọ́. Bittor náà wò mí. "Katalin, sọ fún un pé ó ṣeun."

Mo tún panu mọ́. Màlúù ń họra lẹ́yìn ògiri. Estefana ò mọ ibi tó máa wò, ló bá gbójú sókè. Ó rí àwòrán náà. Ó rí ibi tó mọ́ nínú bíràwúnù, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú, ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́ kan bébà.

"Bittor. Kí lèyí?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ kó dìídì bá a sọ nìyẹn. Òun gan-an ni bàbá náà dojú kọ.

"Adìyẹ ni."

Ẹ wò ó, mo mọ̀ pé ẹyẹ lásán lè ni. Mo mọ̀ pé ọkùnrin tó yà á kò mọ adìyẹ Hilaria rí. Ṣé èmi ni mo máa sọ ọ́? Mo di ẹnu ọ̀nà mú.

Estefana ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Kí ọkọ rẹ tó kú. Mò ń nu èéfín kúrò kí n lè fi hàn ọ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sì wà níbẹ̀."

"O rí i! O rí i, o sì dákẹ́!" Gbogbo "Katalin, sọ fún un" ti fò lọ. "Lójú gbogbo èèyàn nílẹ̀ yìí, òpùrọ́ ni mò ń jẹ́, ìwọ ń bá adìyẹ mi gbé! Olórí kunkun! Mo gbàdúrà fún ẹ, mo sè fún ẹ! Kí ló dé tí o kò wá kan ilẹ̀kùn mi? Ògiri kan ló wà láàárín wa, Bittor, ògiri kan!"

"Nítorí okùn ni."

"Okùn wo?"

Bittor gbìyànjú láti dìde jókòó, èmi ni mo gbé e. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní, "Estefana, ìwọ náà mọ okùn Ìyá. Kì í tú. Bí kò bá sí adìyẹ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ṣùgbọ́n tí adìyẹ bá wà, tó sì tú, ta ló tú u?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ Estefana lára díẹ̀díẹ̀. Agogo ń dún. Ìyá ò lè sáré nítorí orúnkún. Ọmọ di yẹ̀rì rẹ̀ mú, kò fẹ́ lọ.

Bittor ní, "Mo ti gbá ọ létí nítorí ẹ̀. Mo ti pè ọ́ ní òpùrọ́ níwájú bàbá wa títí ó fi kú. Báwo ni mo ṣe máa wá kan ilẹ̀kùn pé Ìyá fúnra rẹ̀ ló tú u kó lè rán ọ lọ? Ojú tì mí. Ojú ṣì ń tì mí."

Estefana jókòó sétí ibùsùn náà. Ó ń sunkún, kò sì nù ún. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, àtàǹpàkò rẹ̀ gan-an ló dì mú.

Ó ní, "Ó ní n ò gbọdọ̀ padà wá bí n kò bá mú un."

"Mo mọ̀. O ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé."

"Rárá, o ò mọ̀. Ẹ̀yin ò sí nílé ní gbogbo ìgbà tá a bá ń kó àwọn adìyẹ wọlé, èmi àti Ìyá la máa ń ṣe é. Èyí pupa yẹn, Bittor, kò sẹ́ni tó lè mú un. Orí igi ló ń sùn. Ìyá nìkan ló ń mú un, àgbàdo ló fi ń tàn án." Ó fún àtàǹpàkò náà mọ́wọ́. "Ìyá mọ̀ pé mi ò lè mú un láé."

Bittor fi ọwọ́ kejì bo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀wà ti tutù, ó ti dì. Mo gbé abọ́ náà, mo sì lọ gbé e kaná fún wọn.